Dúrósinmí, Alásè Ọkọ̀ tí Wọ́n Ní Kò Kú

Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ ní Ìpetu pé Dúrósinmí Akínbíyìí kò kú. Wọ́n ní ó wà ní Oníṣà, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ti fẹ́ obìnrin Ìgbò kan, ó sì ti gbàgbé ìyàwó tó fi sílé. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò dé Oníṣà wò. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, wọ́n ń ba òkú lórúkọ jẹ́.

Ọkùnrin náà ti kú. Ó kú sínú odò Ọya ní ọdún kejì ogun abẹ́lé, nínú ọkọ̀ tó ti ń se oúnjẹ. Ẹnu ìyàwó rẹ̀ àti ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n létí odò ni mo ti gbọ́ ohun tí mo kọ síbí. Ohun tí wọn kò rí, n kò fi kún un.

Ọmọ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti sin kí ó tó bí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dúrósinmí: kí ó dúró, kí ó lè sin ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó dúró, ó dàgbà, ó sì sin ìyá rẹ̀ bó ti yẹ. Kò sí ẹni tó ronú nípa ẹni tí yóò sin òun.

Bàbá wọn tètè kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúgbémi, mú un lọ sí Oníṣà. Olúgbémi ń ta aṣọ ní ọjà ńlá ibẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀ṣà ìgbà náà. Ó máa ń kọrin sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń fi igi tó fi ń wọn aṣọ na àbúrò rẹ̀. Dúrósinmí kò mọ aṣọ tà. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àwọn obìnrin tó ń dáná lẹ́yìn ìsọ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó lọ wo bí obìnrin kan ṣe ń se ọbẹ̀ ẹja tútù. Kí ó tó padà, olè ti gbé ìdì aṣọ kan lọ. Olúgbémi lù ú, ó da ẹrù rẹ̀ síta, ó ní kí ó máa bá ìkòkò lọ. Ọmọ náà kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà parí sí. Apẹja kan tó ń jẹ́ Anyaegbu jókòó níbẹ̀, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní, "Nwa m, i riela nri?" Ó ń bi í bóyá ó ti jẹun ni. Kò bi í pé ọmọ ìlú wo ni, kò sì bi í pé kí ló ṣe tí wọ́n fi lé e. Ilé Anyaegbu ni Dúrósinmí sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Ó gbọ́ èdè Ìgbò bí ọmọ onílé. Òun àti Ekwutosi, ọmọbìnrin Anyaegbu, jọ ń pọn omi, wọ́n sì jọ ń jà sí orí ẹja. Olúgbémi ṣì wà ní ọjà, ìrìn díẹ̀ sí etí odò. Kò wá wò ó rí.

Anyaegbu ló mú ọmọ náà lọ bá ọ̀gá ọkọ̀ kan tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á pé kí ó máa fọ àwo. Ọkọ̀ náà ń kó ẹrù láti Bùrútù wá sí Oníṣà, nígbà tí omi bá sì kún, ó ń gòkè dé Lọ́kọ́ja. Ìdí ọkọ̀ ni ilé ìdáná wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, nínú ooru tí kì í tán. Dúrósinmí fọ àwo, ó gé àlùbọ́sà, ó di igbákejì alásè, nígbà tí alásè àgbà sì fẹ̀yìn tì, òun ni wọ́n fi ìkòkò lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ gun òkìtì yanrìn lábẹ́ omi, epo gbígbóná sì dà sí i lápá òsì. Àpá náà lọ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi wáyà so etí ìkòkò mọ́ ààrò, kò sì jẹ́ kí epo kún agbada kọjá ìdajì mọ́. Kò sí ẹlòmíràn tí iná jó nínú ilé ìdáná náà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò jẹ́ ará ibìkan náà. Ọmọ Ijaw wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Nupé wà níbẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́, ẹnìkan ń gbààwẹ̀, ẹnìkan sì ní ata ni yóò pa òun. Dúrósinmí ń se ti gbogbo wọn. Ràsákì, ará Ìpetu bíi tirẹ̀ tó ń fa okùn ọkọ̀, ni kì í ní ìtẹ́lọ́rùn.

"Alásè, kò sí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ yìí o."

"Iyọ̀ wà níbẹ̀. Ahọ́n rẹ ni kò sí nílé. Ó ti bá ògógóró lọ."

"Ìwọ náà wo ara rẹ! Alásè tó rù bí ọwọ̀, ta ni yóò gbà pé oúnjẹ rẹ dára?"

"Ikùn rẹ yìí ni ẹ̀rí mi. Gbé àwo wá, kí n tún un bù."

Ó fẹ́ Mojíbọ́lá ní Ìpetu nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Iṣẹ́ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nílé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé, òun ni ń dáná. Àwọn ọkùnrin àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Mojí, ṣé òun ló fẹ́ ọ ni, àbí ìwọ lo fẹ́ ẹ?" Mojíbọ́lá á ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé wá jẹun ná, kí wọ́n tó parí ẹ̀fẹ̀ wọn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì dákẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Péjú. Dúrósinmí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé Olúgbémi lé òun, kò sì sọ ẹni tó tọ́ òun dàgbà.

Ní nǹkan bí ọdún kan kí ogun tó dé, Anyaegbu kú. Ní Oníṣà àti agbègbè rẹ̀, bí ènìyàn bá kú, àwọn tó jẹ́ tirẹ̀ a máa mú aṣọ wá bò ó: ọ̀rẹ́, aládùúgbò, ẹni tó bá a ṣiṣẹ́, ẹni tó jẹ oúnjẹ rẹ̀. Dúrósinmí ra aṣọ funfun kan tó dára. Ó ra òbúkọ kan, ó fà á la ọjà kọjá, ó wọ ilé òkú, ó tẹ́ aṣọ náà lé Anyaegbu láyà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ekwutosi dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún.

Ràsákì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ojú Ìjẹ̀ṣà ló fi ń wò wọ́n. Nílé wa, ọkùnrin tó bá fa ẹran tó sì gbé aṣọ wá síbi òkú bàbá obìnrin, àna ni. Ràsákì kò mọ ìtumọ̀ mìíràn, kò sì bi Dúrósinmí ní ìbéèrè kankan. Nígbà tó dé Ìpetu, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Olúgbémi, tó ti kó ọjà rẹ̀ kúrò ní Oníṣà nígbà náà, ó ní, "Àbúrò yín ti ṣe òkú àna ní Oníṣà o. Ojú mi ló ṣe. Òbúkọ náà ń ké gan-an ni."

Olúgbémi ní òun gbọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun dé. Wọ́n gba ọkọ̀ náà fún kíkó oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Ràsákì sọ̀kalẹ̀ ní Bùrútù, ó ní òun kì í ṣe ṣọ́jà. Dúrósinmí náà kì í ṣe ṣọ́jà, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó kù nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ìyókù kúrú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ní ìsàlẹ̀ Oníṣà, àwọn ọmọ ogun ìhà kejì yìnbọn àgbá láti etí odò, ó sì bá ìdí ọkọ̀. Àwọn tó wà lókè fò sínú omi. Ilé ìdáná ni omi kọ́kọ́ kún. Nígbà tó yá, àwọn tó gba ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ilé àwọn ṣọ́jà tó kú. Wọn kò ránṣẹ́ sí ilé alásè.

Ìròyìn pé ọkọ̀ rì kò dé etí Mojíbọ́lá àfi ìgbà tí Ràsákì padà wálé. Mojíbọ́lá lọ bá àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe opó. Olúgbémi ló dá a lóhùn, nítorí òun ni àgbà ọkùnrin ilé.

"Ta ló rí òkú rẹ̀?"

"Bàbá, ọkọ̀ ló rì. Bọ̀dá Ràsákì fúnra wọn ló sọ ọ́."

"Ọkọ̀ rì, àbí Dúrósinmí ló rì? Ọmọ tó dàgbà sétí odò mọ omi í wẹ̀. Ó ti wẹ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní Oníṣà, ọmọ apẹja tí ó fi òbúkọ àti aṣọ sin yẹn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Ìyàwó, ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láyé kì í wọ aṣọ dúdú. Àbí o fẹ́ fi èpè pa á níbi tó wà?"

Ibẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ṣọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe ìsìn òkú láìsí àṣẹ ẹbí. Mojíbọ́lá kò rí ọkọ, kò sì rí òkú. Kì í ṣe opó, kì í ṣe dálémọṣú, kò sì sí ẹni tó lè fẹ́ ẹ. Bí àwọn ìyàwó ilé bá ń jókòó níbi ìpàdé, kò mọ ibi tí òun yóò jókòó sí. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọdé sọ fún Péjú pé bàbá rẹ̀ ń jẹ okporoko, pańla àwọn Ìgbò, ní Oníṣà pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun. Ìyá àti ọmọ gbé inú ọ̀rọ̀ náà títí ogun fi tán, títí owó epo fi dé, tí gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé.

Owó epo náà ló la ọ̀nà fún un. Wọ́n ti tún afárá orí odò Ọya tó bàjẹ́ nígbà ogun ṣe, àwọn ará ìwọ̀ oòrùn sì ti ń padà sí Oníṣà lọ ṣòwò. Àyúbà, télọ̀ kan tó ń ránṣọ níbẹ̀, wálé ní àkókò Àjíǹde, Mojíbọ́lá sì mú orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu Ràsákì lọ bá a.

"Ṣé o mọ ilé apẹja kan tó ń jẹ́ Anyaegbu?"

"Bàbá náà ti kú, mà. Ekwutosi ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ta ẹja."

"Ṣé ọkùnrin Yorùbá kan wà nílé rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ni mo bá a rán. N kò wo yàrá rẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mojíbọ́lá wọ bọ́ọ̀sì. Bí ọkọ rẹ̀ bá wà láyé, yóò sọ̀rọ̀ sí i lójú, yóò sì padà sílé láìní ọkọ mọ́. Bí ó bá ti kú, yóò sin ín. Ohun tí kò ní gbà mọ́ ni kí ó wà láàárín méjèèjì.

Ó sọ̀kalẹ̀ ní Upper Iweka, ibùdókọ̀ Oníṣà. Típà ń da yanrìn, àwọn ènìyàn ru páànù lórí, eruku sìmẹ́ǹtì bo ewé igi. Ìlú tí wọ́n ti dáná sun ń dìde. Mojíbọ́lá kò dúró wò ó. Ó fi gèlè di ìdí rẹ̀ le dan-in, ó bi ènìyàn léèrè ọ̀nà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò. Ó bá obìnrin kan tó ń la ẹja láàárín àwọn ẹlẹ́ja.

"Ìwọ ni Ekwutosi?"

"Na me. Who you be?"

"Èmi ni ìyàwó Dúrósinmí. Mú ọkọ mi jáde."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ja pàtẹ́wọ́, ó ní, "Chineke! Yoruba woman don bring fight come!" Àwọn tó kù gbé àpótí ìjókòó wọn súnmọ́ tòsí.

Ekwutosi fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Yorùbá tó sọ jáde kò dán, ṣùgbọ́n Yorùbá Dúrósinmí ni, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀ṣà tó wà nínú rẹ̀.

"Kí ló dá yín dúró? Láti ìgbà tí ogun ti parí ni mo ti ń retí yín. Mo ní, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ò ní ẹbí ni?"

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ọkọ rẹ. Bàbá mi ló tọ́ ọ. Mo ro pé o mọ̀. Ó ti kú, ìyàwó wa. Èmi ni mo sin ín."

Mojíbọ́lá kò jókòó. Ó ní, "Wọ́n ní ó fẹ́ ọ."

"Fẹ́ ta? Èmi?" Ekwutosi yíjú sí àwọn ẹlẹ́ja, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn ní Ìgbò, ẹ̀rín sì sọ. "Ẹni tó ń jí orí ẹja mi jẹ lálaalẹ́! Bó bá fẹ́ mi, ebi ni ì bá pa mí kú."

"Kí ló dé tó fi fa òbúkọ wá síbi òkú bàbá rẹ? Kí ló dé tó fi gbé aṣọ wá?"

Ẹ̀rín náà tán. Ekwutosi wò ó dáadáa, ó wá ṣàlàyé àṣà wọn fún un. Ó parí rẹ̀ báyìí pé, "Bàbá mi bọ́ Dúrósinmí. Ó wá bo bàbá mi. Kí ni ìgbéyàwó wá ṣe níbẹ̀? Olúgbémi yín gan-an mọ èyí. Nígbà tí onílé rẹ̀ kú níbí, ó gbé aṣọ wá. Ojú mi ló ṣe."

Mojíbọ́lá jókòó nígbà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí Ekwutosi ti sọ ọ́. Nígbà tí Oníṣà ń jó, ó sá lọ sí Àtàní, ìlú ìyá rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì, àwọn òkú bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó kọjá. Àwọn ọkùnrin ìlú ń fi ọ̀pá tì wọ́n padà sáàárín omi, nítorí pé ọkọ̀ ọ̀tá ni wọ́n ti wá, ọkọ̀ náà sì ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó dáná sun ilé wọn. Ọ̀kan gúnlẹ̀ síbi tí Ekwutosi ti ń pọn omi. Ó rí àpá iná ní apá òsì. Ó ní kí wọ́n má tì í. Àgbàlagbà kan bi í bóyá orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní, "Ẹni yìí ló bo bàbá mi. N kò lè wò ó kí ó wà níhòhò." Ìró kan ṣoṣo ló kù fún un lẹ́yìn tó sá kúrò nílé. Ó tú u ní ìdí rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀rì, títí ojú fi ti àwọn ọkùnrin náà, tí wọ́n sì lọ mú ọkọ́ wá.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan gbé àwọn obìnrin méjèèjì lọ sí Àtàní. Òkè díẹ̀ sí omi ni ibojì náà wà, wọ́n fi òkúta yí i ká, wọ́n sì ń ro ó. Mojíbọ́lá kúnlẹ̀. "Bàbá Péjú, mo ti dé," ni ohun tó lè sọ. Òkú omi kì í padà wálé, etí omi tó ti jáde ni wọ́n ń sin ín sí. Ohun tí ẹbí rẹ̀ ì bá ṣe gan-an, àlejò ti bá wọn ṣe é.

Ekwutosi bá a lọ sí Ìpetu. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn ẹbí náà lójú. Wọ́n pe ìpàdé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, Ràsákì náà sì wá. Ekwutosi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdúró. Nígbà tó dé orí aṣọ àti òbúkọ, Ràsákì dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Mojíbọ́lá níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ni pé kò mọ̀. Àìmọ̀ rẹ̀ jẹ obìnrin kan níyà fún ọdún mẹ́fà, ìdọ̀bálẹ̀ kan kò sì san án.

Ekwutosi yíjú sí Olúgbémi. "Oga Gbémi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí onílé yín kú ní Oníṣà, ṣé ẹ ò gbé aṣọ wá bò ó?"

"Ó ti pẹ́."

"Ẹ gbé e wá. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni. Èwo nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ wá fẹ́?"

Àwọn tó rín Mojíbọ́lá níjọ́sí rẹ́rìn-ín báyìí náà. Ohun tó bá wà níwájú wọn ni wọ́n ń rín. Olúgbémi ní òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé. Bí ó bá sọ pé aṣọ yẹn kì í ṣe aṣọ àna, wọn yóò bi í pé aṣọ kí ni. Yóò wá ní láti sọ pé apẹja kan ló tọ́ àbúrò òun, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó yàn pé kí òkú di ọ̀dàlẹ̀ kí òun má baà di ìkà lójú ará ilé. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ti darúgbó. Ogbó kì í ṣe ìrònúpìwàdà.

Ìyá àgbà ilé, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló dájọ́ níjọ́ náà. Ó ní kí Olúgbémi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Olúgbémi sọ ọ́ pé àbúrò òun ti kú, pé kò já ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, àti pé òun mọ̀ pé aṣọ yẹn kì í ṣe ti àna. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ìyá àgbà sì ní kí ó tún un sọ.

Wọ́n ṣe ìsìn fún Dúrósinmí ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Mojíbọ́lá wọ aṣọ dúdú. Ó jókòó sí ibi tí opó ń jókòó, àwọn ènìyàn wá kí i, wọ́n sì dárúkọ ọkọ rẹ̀ láìrẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun sùn dáadáa ní gbogbo ogójì ọjọ́ yẹn. Kò sùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bọ́ aṣọ dúdú tán, ó kó ìkòkò rẹ̀, òun àti Péjú sì lọ sí Oníṣà. Wọn kò sá kúrò ní Ìpetu. Wọ́n ń wálé bí wọ́n bá fẹ́. Ekwutosi wá ilé fún wọn, ó sì bá Péjú wá ilé ẹ̀kọ́. Mojíbọ́lá pa àgọ́ kan sí Upper Iweka, ó ń se ìrẹsì, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja fún àwọn tó ń kọ́lé àti àwọn awakọ̀. Ẹja ń wá láti ọ̀dọ̀ Ekwutosi lówùúrọ̀, ìjà lórí bí ẹja ṣe kéré sì ń bá a wá. Láàárín ọdún méjì, àgọ́ náà ti di ilé onípáànù pẹ̀lú bẹ́ǹṣì mẹ́rin.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí awakọ̀ kan láti Ìbàdàn, tí kò tíì jẹun níbẹ̀ rí, gbé àwo rẹ̀ sókè.

"Ìyá olóúnjẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbẹ̀ yìí le! Ọmọ Yorùbá, kí ló gbé yín débí? Ọkọ yín ńkọ́?"

Àwọn oníbàárà àtijọ́ mọ ìtàn náà. Mojíbọ́lá kò gbé ojú kúrò lórí ìrẹsì tó ń bù.

"Ọkọ mi ti kú. Alásè ọkọ̀ ni, Dúrósinmí lorúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ wọn rì nígbà ogun, Àtàní ni ibojì rẹ̀ wà. Ṣé kí n fi ẹja kún un?"

"Ẹ fi kún un, mà," ni awakọ̀ náà wí. "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn."

"Àmín," ni Mojíbọ́lá wí, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn.